Ẹrù Tó Gba Yàrá Ẹ̀gbọ́n Mi

Ní ilé wa ní Ìlóra, yàrá kan wà lápá ọ̀tún bí ènìyàn bá ti ń wọlé, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì. Kí bàbá wa tó kú ni ó ti sọ fún gbogbo wa pé yàrá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Ẹ̀gbọ́n mi ti wà nílé ọkọ ní Fìdítì nígbà náà, ó ti bímọ, kò sì sí ẹni tó rò pé yóò tún padà wá gbé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n bàbá wa ní obìnrin tó ní ilé ọkọ gbọ́dọ̀ ní ilé baba, nítorí kò sí ẹni tó mọ bí ọ̀la yóò ti rí. Ó ní, "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba yàrá ọmọ mi." Èmi ni ó fi kọ́kọ́rọ́ náà lé lọ́wọ́.

Èmi náà ni mo sì gba yàrá ọ̀hún. N kò fi ènìyàn sínú rẹ̀. Ẹrù ni mo kó sí i.

Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní Ìbàdàn ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù kan kó gbogbo ohun tí mo ní wá sílé: àwọn ìwé tí mo kà ní yunifásítì, táípúráítà tí lẹ́tà mélòó kan ti yọ nínú rẹ̀, fìríìjì tó ti kú, àti àga ọ́fíìsì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì. Yàrá tèmi kún. Mo ní kí wọ́n kó ìyókù sí yàrá ẹ̀gbọ́n mi títí n ó fi rí àyè tò wọ́n. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n ránṣẹ́ sí i kí n tó ṣí ilẹ̀kùn. N kò ránṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ìyàwó mi kú. Àwọn ọmọ wa ní kí n kó aṣọ ìyá àwọn fún àwọn obìnrin inú ìjọ, mo sì kó wọn fún wọn. Bàtà ni n kò lè fún ẹnikẹ́ni. Bàtà a máa mú ìrísí ẹsẹ̀ ẹni tó wọ̀ ọ́, ibi tí ọmọ ìka kékeré ti ń tì í síta kì í pa rẹ́. Mo kó wọn sínú páálí, mo gbé páálí náà sí yàrá ẹ̀gbọ́n mi.

Bí ó bá jẹ́ ibẹ̀ ni ó mọ, bóyá n kò ní máa kọ èyí. Ṣùgbọ́n ààtàn wà lẹ́yìn ilé wa, lójú ọ̀nà oko, níbi tí gbogbo àdúgbò ń da ilẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni mo máa ń gbà kọjá bí mo bá ń na ẹsẹ̀ láàárọ̀. Ní ọjọ́ kan, mo rí àtùpà elépo kan lórí rẹ̀, irú èyí tí mo fi kàwé nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí èéfín rẹ̀ máa ń sọ ihò imú wa di dúdú. Gíláàsì rẹ̀ kò tilẹ̀ fọ́. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo gbé e sábẹ́ ẹ̀wù.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń mú àpò lọ́wọ́ lọ na ẹsẹ̀.

Mo máa ń sọ fún ara mi pé n ó tún wọn ṣe. N kò tún ọ̀kan ṣe rí. Ohun tó ń dùn mọ́ mi ni ìgbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀ tí mo gbé nǹkan, tí mo gbọn eruku rẹ̀ nù, tí mo wò ó pé ó ṣì lè wúlò. Lẹ́yìn náà n ó gbé e sí yàrá, n ó sì gbàgbé rẹ̀. Ọkùnrin tí wọ́n ti kí ní "ẹ kú iṣẹ́ ìlú", tí wọ́n fún ní aago ògiri, tí wọ́n sì fi ẹlòmíràn sí orí àga rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, irú ìgbádùn bẹ́ẹ̀ lè wọ̀ ọ́ lára ju bó ti yẹ lọ. N kò sọ pé àwáwí nìyẹn.

Bí ẹ̀gbọ́n mi bá wá síbi ìkórè tàbí ìsìnkú, yóò fọwọ́ kan ilẹ̀kùn náà.

"Ṣé o ń gbá yàrá mi?"

"Mò ń gbá a, Àǹtí mi."

"Ṣí i kí n wò ó."

"Kọ́kọ́rọ́ ló sọnù, ma. Mo ti ní kí káfíńtà wá."

Káfíńtà kò wá ní ọdún náà, kò wá ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò ṣòkòtò mi ní gbogbo ìgbà tí mò ń sọ̀rọ̀.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé Èkó pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Bàbá, Màámi ní àwọn ń bọ̀ nílé o. Orókún ń dùn wọ́n, kò sì sí ẹni tó kù nílé Fìdítì mọ́. Mo ní kí wọ́n wá bá mi l'Ékòó, wọ́n ní àwọn ò ní lọ kú síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ oríkì àwọn. Wọ́n ní bàbá àwọn fún àwọn ní yàrá. Sátidé la ó dé."

Mo ní, "Ẹ káàbọ̀ o." Kí ni ǹ bá tún sọ?

Láti ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà ni mo ti ń wọ yàrá ọ̀hún láti palẹ̀ mọ́. N ó gbé nǹkan kan, n ó yí i lọ́wọ́, n ó wá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, n kò tíì gbé ohunkóhun jáde. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í to ẹrù lé ara wọn títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà, kí àyè ibùsùn kan ṣáà lè yọ. Mo jáde, mo ti ilẹ̀kùn. Bí mo ti yí kọ́kọ́rọ́ ni mo gbọ́ gbì! Gbogbo rẹ̀ ti wó lulẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn náà sì rèé, inú ni ó ń ṣí sí.

Wọ́n dé ní òwúrọ̀ Sátidé. Opó ìbátan mi kan tó ń gbé ilé kejì sáré jáde, ó kúnlẹ̀ ní gbangba. Ìyàwó ilé wa ni, ọmọbìnrin ilé sì ni ẹ̀gbọ́n mi. Ọkọ rẹ̀ ni ó jẹ́ nínú àṣà wa, bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ ti hu ewú.

"Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀! Ẹ káàbọ̀ sílé bàbá yín!"

Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn. Ó fi ọ̀pá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó na ọwọ́ sí mi. "Kọ́kọ́rọ́ mi dà?"

Mo yọ ọ́ fún un.

"O ti wá rí i?"

"Mo rí i, ma."

Ó wojú mi díẹ̀, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ yí, ilẹ̀kùn kò mira. Ọmọ rẹ̀ fi èjìká tì í. Ó tún tì í.

"Bàbá, ta ló wà nínú ilé?"

"Kò sí ènìyàn."

"Nǹkan kan ń tì mí padà."

Ìyàwó ilé wa pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ tí ó ti wọ ilé wa, nígbà tí mo wà ní yunifásítì, Akọ̀wé ni ó ń pè mí, nítorí ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé. Ó ní, "Akọ̀wé, ṣé ẹ ti fẹ́ ìyàwó tuntun, tí ẹ tì í mọ́lé ni? Ẹ ní kó ṣílẹ̀kùn, a ò ní nà án!"

Àwọn tó ń kọjá lọ dúró. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó já fèrèsé onípákó náà, ó sì gùn ún wọlé. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ye! Màámi, ẹ má wọbí o."

Ojú fèrèsé náà ni ó ti ń na ẹrù síta lọ́kọ̀ọ̀kan, lójú títì, níṣojú gbogbo ayé. Agbòòjò tí kò láṣọ lára. Fáànù tí kò lápá. Rédíò tí inú rẹ̀ ṣófo. Àgbá kẹ̀kẹ́. Agolo lóríṣiríṣi, ọ̀kan nínú èkejì. Odó tó là.

"Ẹ dúró ná!" Ìyàwó ilé wa gba ìkòkò kan, ó yí i po. "Ìkòkò mi nìyí! Ìdí rẹ̀ ló lu tí mo fi gbé e dà nù! Akọ̀wé, ààtàn ni mo gbé e lọ o!"

Ní ìgbà náà ni ó yé gbogbo wọn. Mo rí bí ó ti yé wọn.

Bàbá aládùúgbò wa kan, Àlàájì tí a jọ dàgbà, gbé bùútà kan sókè. "Ọ̀gá, tèmi rèé. Ẹnu rẹ̀ ló kán. Ẹ̀yin onígbàgbọ́, kí lẹ fẹ́ fi bùútà ṣe? Ṣé ẹ ti ń ṣe àlùwàlá ní kọ̀rọ̀ ni, ká lọ fi tó Lèmọ́ọ̀mù létí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Àlàájì wojú mi, ó sì rọra gbé bùútà náà sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, eré ni." Ẹ̀bẹ̀ tí ó bẹ̀ mí yìí dùn mí ju ẹ̀rín lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Orí àga ọ́fíìsì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì ni wọ́n fi í jókòó sí. Nígbà tó pẹ́, ó pe ọmọ rẹ̀. "Àpótí mi ńkọ́? Abẹ́ fèrèsé ló wà."

Kíjìpá tí ìyá wa hun ló wà nínú àpótí náà. Òun fúnra rẹ̀ ló ran òwú, igun ilé wa yìí ló sì ti hun ún. Ó fún ẹ̀gbọ́n mi nígbà tó ń lọ ilé ọkọ, ó ní kó má gbé e lọ. Ó ní ọjọ́ tó bá padà wálé, òun ni kó fi bora. Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Orí rẹ̀ gan-an ni mo to páálí ìwé yunifásítì mi sí.

Ìwé ni ikán kọ́kọ́ jẹ. Láti inú ìwé ni wọ́n gbà wọ àpótí. Bí ọmọ rẹ̀ ti gbé e, ìdí rẹ̀ kù sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ ni ó ń dà sílẹ̀ láàárín ìka rẹ̀. Ohun tó kù lára aṣọ náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Kò sunkún. Ó gbọn ún, ó ká a, ó fi í sí àyà.

Ó ní, "O tọ́jú ìkòkò ìyàwó ilé. O tọ́jú bùútà Àlàájì."

Àwọn tó dúró sí títì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ.

Yàrá náà kò ṣeé sùn, òórùn eku ti bà á jẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó gba yàrá tèmi. "Mi ò wá gba yàrá ẹnikẹ́ni," ni ó dáhùn. "Tèmi ni mo wá." Ó sì lọ sùn lọ́dọ̀ ìyàwó ilé wa. Ọmọbìnrin ilé dé sílé baba rẹ̀, ó lọ ń tọrọ ẹní lọ́wọ́ ìyàwó. Ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ kejì, àwọn ènìyàn ń kí mi pé, "A gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n yín ti dé," wọn kò sì wojú mi bí wọ́n ti ń sọ ọ́.

Àwọn tó ń ra irin àlòkù kó èyí tí wọ́n lè kó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ háyà ọkọ̀ láti kó ìyókù dà nù, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kọ̀. Ó nawọ́ sí mi. "Òun ni kó kó o. Ọ̀nà tó gbà wọlé ni kó gbà jáde."

Mo sì kó o. Mo fi ọwọ́ ara mi kó wọn padà sí ààtàn nínú oòrùn, ìgbà dé ìgbà. Àwọn ènìyàn ń kí mi ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá," mo sì ń dáhùn. Àtùpà ni mo gbé kẹ́yìn.

Nígbà tí mo dé ibi páálí bàtà, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n dúró. Ó ṣí i. "Ti ìyàwó rẹ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma."

Ó mú ẹsẹ̀ bàtà kan, ó fi àtàǹpàkò tẹ ibi tó tì síta yẹn, ó dá a padà. "Èyí lè dúró." Ó ní bí wọ́n bá gbé ibùsùn òun wọ yàrá náà, abẹ́ rẹ̀ ni kí n tì í sí. "Mo mọ ìdí tí èyí fi wà níhìn-ín. Mo mọ ìdí tí ìrépé aṣọ mi fi wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Ìyókù yẹn ńkọ́? Kí lo fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

Èmi tí mo lọ sí yunifásítì, n kò rí èsì fún un. N kò tíì rí i títí di òní.

Ó ti ń gbé yàrá rẹ̀ báyìí. Láàárọ̀, ó máa ń jókòó sí ojú fèrèsé, bí mo bá sì ti ń bọ̀ láti ibi tí mo ti lọ na ẹsẹ̀, yóò ní kí n dúró.

Mo ṣì ń gba ẹ̀bá ààtàn kọjá. Mo máa ń wò ó bóyá àtùpà yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀ títí koríko fi hù yí i ká. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo débẹ̀, n kò rí i mọ́. Mo fi ẹsẹ̀ tú koríko. Ẹnì kan ti gbé e. Mo dúró, mo ń wo àwọn ilé tó wà nítòsí lọ́kọ̀ọ̀kan, inú ń bí mi sí ẹni tí n kò mọ̀, lórí ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi dà nù.

Nígbà tí mo dé ojú fèrèsé, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Na ọwọ́ rẹ kí n rí i."

Mo na méjèèjì sókè lójú títì, bí ọmọ iléèwé. Kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó wo ọwọ́ mi, ó wá wo ojú mi, ó sì pẹ́ lórí ojú náà.

"Wọlé wá jẹun," ni ó wí.