Káàdì Méje tí Ó Ṣẹ́kù

Ní ilé ìtẹ̀wé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Àgbowó, a kì í di ìdì tí kò dọ́gba. Àǹtí Bọ́lá, ọ̀gá wa, kì í ka káàdì lẹ́yìn wa. Orí ìwọ̀n ni wọ́n ń gbé ìdì kọ̀ọ̀kan sí. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti wúwo bákan náà, iṣẹ́ pé nìyẹn. Èmi ni mo ń dì í. Ìwé márùn-ún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo kà, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Lọ́jọ́ kan, a tẹ káàdì ìdánwò fún àwọn ilé-ìwé kan, ẹgbàárùn-ún ó lé méje. Nọ́ńbà wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí kò bá ní tirẹ̀ lọ́wọ́ kò ní wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.

Mo mú bírò, mo ń wá iye tí mo lè dì pọ̀ tí kò ní ṣẹ́kù. Mo fi méjì pín in, ó ku ẹyọ kan. Mo fi mẹ́ta pín in, ó ku méjì. Méje, ó ku mẹ́rin. Mọ́kànlá, ó ku mẹ́jọ. Mẹ́tàlá, ó ku mẹ́wàá. Mo ní àìkàwé mi ló fà á. Sàkírù tó ń lo ẹ̀rọ jókòó nítòsí, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí láti bi í. Mo bá dì í ní ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún, mo sì ti méje tó ṣẹ́kù sábẹ́ páálí yíǹkì.

Àǹtí Bọ́lá wọ̀n ọ́n tán. Wọ́n ní, "O káre." Mi ò lè wo ojú wọn.

Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀la, ọ̀gá ilé-ìwé kan wá láti Mọ́níyà, ìyá àgbàlagbà kan. Orúkọ àwọn ọmọ tiwọn ló kẹ́yìn nínú ìwé.

"Ọmọ méje ni kò rí káàdì gbà," ni wọ́n wí. "Wọ́n ti ń sunkún láti àárọ̀."

Àǹtí Bọ́lá yíjú sí Sàkírù. "Ẹ̀rọ ẹ tún ti fo nọ́ńbà."

"Àǹtí, kò fò."

"Ṣé eku ló jẹ ẹ́ nígbà náà? Palẹ̀ ẹrù ẹ mọ́, kóo máa lọ sílé."

Ó dìde, ó ń wá bàtà rẹ̀. Mo lọ sídìí páálí, mo kó káàdì náà jáde, mo kúnlẹ̀.

"Èmi ni. Kò pín dọ́gba. Mo rò pé mi ò mọ̀ ọ́n pín ni."

Ìyá náà gba bírò lọ́wọ́ mi. Wọ́n ṣírò títí, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà.

"Dìde," ni wọ́n wí. "Kò sóhun tó lè pín nọ́ńbà yìí àfi oókan àti òun fúnra rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o. Bí o bá dán an wò dé ọgọ́rùn-ún tí kò pín, má wulẹ̀ lọ síwájú mọ́."

"Mẹ́tàlá ni mo dé, mà."

"Ìyẹn ò burú. Kí ló dé tóo fi wọ́n pamọ́?"

Mo na káàdì náà sí wọn. Wọ́n kó káàdì sínú báàgì, wọ́n lọ wọ mọ́tò Mọ́níyà. Àǹtí Bọ́lá ní kí Sàkírù padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Sàkírù kò bú mi. Ṣùgbọ́n gúgúrú tí a jọ máa ń jẹ lọ́sàn-án, òun nìkan ló ń jẹ ẹ́ láti ọjọ́ náà.

Nísinsìnyí, bí mo bá di iṣẹ́ tán, orí tábìlì Àǹtí Bọ́lá ni mo ń kó èyí tó ṣẹ́kù sí. Mo máa ń sọ ọ́ sókè pé, "Àǹtí, ó ku méjì," tàbí, "Ó ku mẹ́rin." Nígbàkúùgbà tí mo bá sì sọ ọ́, Sàkírù a gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, a wò mí, a sì padà sẹ́nu iṣẹ́.