Bọ́tìnì Tí Bàbá Mi Fọwọ́ Kàn Kẹ́yìn

Ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀. Èmi tí wọ́n ní n kò mọ̀ ju iṣu títà lọ, èmi ni mo mú kí àńpìlì bàbá mi tún fọhùn nílé wa ní Bétérou.

Àńpìlì náà, ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn di ńlá, ti dàgbà. Ó wúwo bí ọlọ, ṣùgbọ́n kò sóhun tó ṣe báfù rẹ̀ méjèèjì tí ohùn ń gbà jáde. Òun ni bàbá mi fi ń gbọ́ ìròyìn. Láti ìgbà tí wọ́n ti kú, màmá mi ń nù ún láràárọ̀, àmọ́ wọn kì í jẹ́ kí aṣọ kan bọ́tìnì ńlá tí a fi ń yan ibi tí ohùn yóò ti wá. Wọ́n ní ọwọ́ bàbá wa ló kẹ́yìn níbẹ̀. Àwa ọmọ náà kò sì débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá di ti ààwẹ̀. Orúnkún màmá mi kò jẹ́ kí wọ́n lè rìn dé mọ́ṣáláṣí mọ́, lọ́dún tó kọjá wọ́n sunkún torí wáàsí tí wọn kò gbọ́. Ààfáà wa ń fi wáàsí ránṣẹ́ sórí fóònù, ṣùgbọ́n etí màmá mi ti wúwo, ohùn fóònù kò sì ju ti ẹ̀fọn lọ. Ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò, tí gbogbo wa ń pè ní tonton, ní kí n ra ẹ̀rọ tuntun, pé ti bàbá mi ti di irin lásán. Irin lásán kẹ̀! Inú bí mi.

Mo gun zémì, ọ̀kadà wa, lọ sí Tchaourou, mo ra bulutúùtù kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ, tí owó rẹ̀ kò tó ti adìẹ. Òun ló ń gba ohùn lára fóònù láìsí wáyà, táá sì gbé e fún àńpìlì. Nígbà tí ààwẹ̀ ku ọ̀la, mo ki wáyà pupa sí pupa, funfun sí funfun. Iná tàn. Fóònù ní òun ti rí i. Mo tẹ wáàsí. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ àńpìlì lẹ́nu.

Mo ṣépè fún ẹni tó tà á fún mi, Ọlọ́run dárí jì mí. Mo yọ wáyà, mo tún kì í, òógùn bò mí. Ìgbà náà ni mo wo bọ́tìnì yẹn: orí rédíò ni bàbá mi fi í sí. Bí a kò bá yí i síbi tí wáyà mi wọlé sí, báwo ni yóò ṣe dún?

Mo nawọ́. Màmá mi pariwo: "Má dán an wò!"

"Màmá, ṣé bọ́tìnì lẹ fẹ́ ni, àbí wáàsí?" Ó ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Ẹnu mi yìí!

Màmá mi fọwọ́ ti ògiri dìde, wọ́n di bọ́tìnì náà mú fúnra wọn. "Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ yọ̀ǹda fún mi. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni mo fẹ́ gbọ́." Wọ́n yí i, mo sì sọ ibi tí yóò dúró. Ohùn ààfáà bú jáde, ife orí tábìlì gbọ̀n. Màmá mi ní, "Alihamudulilahi," wọ́n sì bú sẹ́kún. Èmi náà kò lè mú un mọ́ra.

Nígbà tí ààwẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta, àwọn ìyá àgbà tí ẹsẹ̀ ń dùn ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ọ̀kan nínú wọn béèrè bóyá tonton ló tún un ṣe. Màmá mi, tí kì í yin ọmọ lójú ọmọ, nàró lórí àga:

"Tonton wo? Èyí tí mo fi ọmú yìí bọ́ ló ṣe é. Ẹ dákẹ́ jàre, ẹ jẹ́ ká gbọ́ wáàsí."