Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Mùjídàt

Ní nǹkan bí ọdún 1987, kò sí onídìrí tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó ti Mùjídàt ní àdúgbò wa ní Ọ̀yọ́. Tíṣà ni mí, yàrá mi ló kọjú sí ti òun àti ọkọ rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì ti máa ń dirun. Ká tó sọ̀rọ̀ kan tán, ó ti parí ṣùkú.

Ìgbà tó yá, oríkèé ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó sì ń ro ó. Láàárọ̀, kò lè di òòyà mú. Ó ń fi òróró pa á, ó ń ki ọwọ́ bọ omi gbígbóná, pàbó ni. Ọkùnrin kan tó ń kiri oògùn ló wá ta hóró funfun kéékèèké fún un. Kò pẹ́ tí ìka rẹ̀ fi tú. Orin ló ń kọ nígbà tó ń dirun mi lọ́jọ́ náà, inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Bó ṣe ń ra oògùn náà lọ nìyẹn.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ojú rẹ̀ rí rogodo. Àwa ará ibí sì rèé, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ti kún, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Gbogbo ẹni tó bá kọjá ló ń kí i: "Ìyá Àtinúkẹ́, ẹ kú ìgbádùn o! Ara yín mà ń dán!" Saifudeen ọkọ rẹ̀, tó ń fi awọ ṣe bàtà, ló gbádùn ìkíni náà jù. Mashood, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ tó ń gbé Ìlọrin, ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé Saifudeen kò lè bọ́ ìyàwó. Ní báyìí, Saifudeen ń mú ìyàwó rẹ̀ jáde kiri bí ẹni tó ra mọ́tò tuntun.

Inú ń bí mi, nítorí mo ń rí ohun tó wà lábẹ́ aṣọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tín-ín-rín. Tí nǹkan bá kàn án pẹ́rẹ́, ibẹ̀ á dúdú. Irun orí rẹ̀ ń já. Mo ní ká lọ sí ọsibítù.

"Tíṣà, tí mo bá fi í sílẹ̀, ọwọ́ mi á tún le. Àti pé, ṣé ẹ ò rí bí inú Bàbá Àtinúkẹ́ ṣe ń dùn ni?"

Èmi ni mo sìn ín lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí a ṣe sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Takie làwọn ojúlùmọ̀ ti ń yìn ín. Nígbà tí a délé, ìyá arúgbó náà wò ó títí, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú.

"Mùjídàt, kí ló ń wú ọ báyìí?"

Mùjídàt bú sẹ́kún.

Dókítà tí a lọ bá lọ́jọ́ kejì ní oògùn náà ló fa gbogbo rẹ̀. Kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n á máa dín in kù, ìrora náà á sì padà. Ó padà lóòótọ́. Nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi máa joro, ìka rẹ̀ ti ká wọnú. Kò dirun mọ́.

Ẹnu àwọn ará àdúgbò yí kíá. Wọ́n ní ìyàwó Saifudeen ti gbẹ. Kí ló kàn wọ́n?

Nígbà tó ku ọ̀la kí Iléyá pé, mo gbọ́ ohùn Saifudeen lójú fèrèsé wọn.

"Tún lo hóró yìí díẹ̀, jọ̀ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ ń bọ̀. Á ní ebi ló ń pa ọ́ nílé mi."

"Ẹ wò mí dáadáa," ni Mùjídàt dáhùn. "Ojú tí ẹ fẹ́ níyàwó nìyí. Ṣé ẹ ò mọ̀ ọ́n mọ́ ni?"

 Ẹkún ọkùnrin ni mo gbọ́.

Lọ́jọ́ Iléyá, Saifudeen ló wé gèlè fún un, torí ìka rẹ̀ ò lè wé e. Gèlè náà wọ́, ṣùgbọ́n Mùjídàt ò ní kó tún un ṣe. Wọn ò tíì jáde lágbàlá tí Mashood fi wọlé.

"Saifudeen! Kí lo fi àbúrò mi ṣe? Ó ti sanra tẹ́lẹ̀!"

Saifudeen di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ tó ti ká náà mú.

"Àìsàn ni sísanra yẹn, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo pè é ní ìgbádùn."