Àwọn Tí Màmá Fi Odó Yàn

Gbì, gbì, gbì. Ọmọ odó mẹ́ta ló ń wọ inú odó kan ṣoṣo, obìnrin mẹ́ta ló sì dì wọ́n mú. Èéfín igi ṣì ń rú lábẹ́ ìkòkò tí wọ́n ti kó iṣu kúrò nínú rẹ̀, òórùn iṣu gbígbóná sì gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé wa kan ní Inísà. Ìyá tó bí ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n dijú. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n á rò pé oorun ló ń kùn wọ́n. Oorun kọ́ o. Wọ́n ń gbọ́ iṣẹ́.

Gbì, gbì, kọ̀! Ọmọ odó méjì gbára wọn lókè.

Màmá lajú. “Ta nìyẹn?”

Ọ̀kan nínú wọn, aránṣọ tó ní ṣọ́ọ̀bù lójú títì, kàn ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn.

“Mi ò bá yín jà,” Màmá sọ. “Ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. Kí oníkálukú gbọ́ ti ẹnì kejì kó tó sọ tiẹ̀ kalẹ̀.”

Ẹ má rò pé ebi ló ń pa wá o. Ẹgbẹ́ akọrin ni Màmá ń kó jọ.

Màmá ni olórí ẹgbẹ́ akọrin obìnrin nínú ìjọ Aládùúrà wa. Àwọn ló ń lu agogo, àwọn yòókù ń lu àkúbà, wọ́n ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń gbè. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń lọ kọrin níbi ìkórè ìjọ àgbà ní Òkukù. Obìnrin kan ló ń dá orin fún wọn nígbà náà, ohùn rẹ̀ sì dùn débi pé ẹni tó ń lọ sóko á dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Olóhùn la kúkú ń pè é. Àfi bí àwọn ọmọkùnrin kan ní Ìkìrun, tí wọ́n ní kíbọ́ọ̀dù àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn ràgàjì, ṣe wá fa ojú rẹ̀ mọ́ra. Ó bá wọn lọ, àwọn tó ń lu àkúbà sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí Màmá dé ibi ìdánrawò lọ́sẹ̀ náà, àga òfìfo ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹ̀yìn ìsìn ni Bàbá Ìjọ wá bá wọn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ọ̀rọ̀ tó mú wá ni kò jẹ́jẹ́.

“Ìyá, ẹ ti gbìyànjú. Tí ẹ ò bá rí èèyàn kó jọ kí ìkórè tó dé, àwọn ọmọ Ìkìrun yẹn la máa pè. A jẹ́ pé ká tú ẹgbẹ́ náà ká nìyẹn. Kí ẹ̀yin náà sinmi, mà.”

Màmá ní, “Ẹ ṣé gan-an ni, sà. Ìsinmi ò tíì wù mí.”

Bí wọ́n ṣe dé ilé, wọ́n ní kí n bá àwọn gbé odó ńlá jáde.

Bí àwọn èèyàn ṣe gbọ́ pé Màmá ń wá akọrin, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti àdúgbò gbogbo. Ẹni tó bá ti dé ẹnu ọ̀nà á ti máa dá orin. Màmá á ní, “Má kọrin fún mi. Wá bá wa gúnyán lọ́jọ́ Sátidé.” Àwọn kan ní ọjọ́ ogbó ti ń da Màmá láàmú. Obìnrin kan wá tó ń gún iyán bí ẹni pé odó ṣẹ̀ ẹ́. Màmá bu iyán fún un dáadáa, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò sì tún pè é mọ́. Ní tèmi, inú mi ń dùn. Ọdún yẹn ni mo sanra jù lọ láyé mi.

Bí aránṣọ náà ṣe wọ ẹgbẹ́ nìyẹn, nígbà tó ti mọ bí a ṣe ń dá ọwọ́ dúró de ẹnì kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni obìnrin tíṣà kan ṣe wọlé. Ọmọ Igbàyè ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé-ìwé wa, ohùn rẹ̀ kì í sì í ròkè bó bá ń sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gún iyán pẹ̀lú wa, ó rẹ aránṣọ. Kí aránṣọ tó sọ nǹkan kan, tíṣà ti rọra dẹ ọwọ́ tirẹ̀, ẹnì kẹta náà sì bá wọn dẹ̀ ẹ́. Ìró odó ò já.

“Ìwọ lo máa dá orin,” Màmá sọ.

Tíṣà fẹ́rẹ̀ẹ́ sá lọ. “Ẹ jọ̀ọ́, mà, ohùn mi ò tó o. Ẹ jẹ́ kí n kàn máa gbè.”

“A ó máa tọ́jú ohùn. Irú etí tó o ní yẹn, mi ò mọ ibi tí mo ti lè rí òmíràn.”

Ìkórè ti sún mọ́ nígbà tí ọ̀kadà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, tí Olóhùn sì sọ̀ kalẹ̀ tòun ti báàgì rẹ̀. Àwọn ọmọ Ìkìrun ti rí ọmọbìnrin mìíràn tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Ó kúnlẹ̀ fún Màmá. Ṣe lẹ rí i tí àwọn obìnrin ń pariwo ayọ̀, èmi náà sì ń fò sókè. Gbogbo wa gbà pé wàhálà ti tán.

Màmá ò fò. Wọ́n na ọmọ odó sí i. “O ò bá wa gúnyán rí.”

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ó dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún un kíákíá, kíákíá, àwọn yòókù ń sáré tẹ̀ lé e, ọmọ odó ń gbára wọn kọ̀, kọ̀, kọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Màmá bu òkèlè kan, wọ́n sì fi kókó inú rẹ̀ hàn án.

“Tíṣà ló ń dá orin báyìí. Tó o bá fẹ́ wọlé, ẹ̀yìn lo máa dúró sí, láàárín àwọn elégbè.”

“Màmá, ẹ ro ti Òkukù!” aránṣọ bẹ̀bẹ̀.

“Òkukù gan-an ni mò ń rò.”

Olóhùn gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Inú bí mi sí Màmá lọ́jọ́ náà, mo sì rò pé wọ́n ti bà á jẹ́. Àmọ́ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kí iṣu tó jinná, obìnrin náà ti wà lẹ́yìnkùlé wa. Ó kí wa ẹ kú iṣẹ́, ó sì mú ọmọ odó. Ó ṣì ń yára jù, ṣùgbọ́n ó ń wá.

Lọ́jọ́ ìkórè, ṣọ́ọ̀ṣì Òkukù kún dé ẹnu ọ̀nà. Òórùn tùràrí dà pọ̀ mọ́ ti ọ̀pẹ òyìnbó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n kó síwájú pẹpẹ. Àwọn ọmọ Ìkìrun ti to ẹ̀rọ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí Bàbá Ìjọ ti pè wọ́n sílẹ̀ kí ojú má bàa ti òun. Tíṣà dá orin àkọ́kọ́, ó dára. Ó dá èkejì, ó ń bá a bọ̀, ohùn rẹ̀ sì já lójijì. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, nǹkan kan ò jáde. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin náà ti na ọwọ́ sí maikirofóònù.

Gbogbo wa yíjú sí Olóhùn láàárín àwọn elégbè. A rò pé yóò bọ́ síwájú.

Kò kúrò lójú kan. Láti ẹ̀yìn níbẹ̀, ó gbé ìlà tí tíṣà sọ nù, ní ohùn ìsàlẹ̀, láìdá àrà kankan sí i. Ó tún un kọ, ó tún un kọ, àwọn tuntun tó ń lu àkúbà sì rọra dẹ̀ mọ́ ọn. Tíṣà mí kanlẹ̀, ó wọ inú orin padà. Wọ́n jọ kọ ìlà kan pọ̀, lẹ́yìn náà ni Olóhùn fi orin sílẹ̀ fún un, tó ń bá àwọn yòókù gbè. Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Màmá tí mi ò rí kí wọ́n sunkún rí ń fi etí gèlè nu ojú. Bàbá Ìjọ ò sì tún mẹ́nu ba títú ẹgbẹ́ ká mọ́.

Màmá ti lọ báyìí, àárò wọn ń sọ mí gan-an. Èmi náà ní ẹgbẹ́ olórin ní Ìkìrun, a sì ní kíbọ́ọ̀dù, kí Màmá forí jì mí. Wọ́n ń pè wá káàkiri. Láìpẹ́ yìí mo kọ̀ láti gba ọmọkùnrin kan tí ìka rẹ̀ yá débi tó ń bani lẹ́rù, nítorí kò gbọ́ ẹnikẹ́ni nígbà tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù. Àwọn èèyàn mi bínú sí mi. Ẹ̀rù ba èmi náà, mo sì ń rò ó pé bóyá mo ti ṣìṣe, ni mo bá wọ ọkọ̀ lọ sí Inísà lọ bá Olóhùn. Ó ti dàgbà, ṣùgbọ́n ó ṣì wà nínú ẹgbẹ́. Mo bi í pé kí ló dé tí kò gba orin yẹn lọ́jọ́ Òkukù.

“Ó wù mí kí n gbà á, ọmọ mi. Ó wù mí débi pé ọ̀fun ń yún mi. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ bí tíṣà yẹn ṣe ń mí. Gbogbo ọdún tí mo ti ń kọrin kí ọjọ́ yẹn tó dé, mi ò gbọ́ mímí ẹlòmíràn rí.”