Yàrá Ìsàlẹ̀ fún Màmá

Tí mo bá sọ ọ́ tán, ẹ lè pè mí ní wèrè, ṣùgbọ́n ẹ má pè mí ní onírọ́. Ojú tí mo fi ń to bíríkì láti ogún ọdún ni mo fi rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ọ̀sán gangan sì ni, kì í ṣe òru.

Bíríkìlà ni mí, Barking ní London ni mò ń gbé. Ilé tí mò ń sọ wà ní Dagenham Village, ọ̀kan nínú àwọn ilé àtijọ́ tóóró tí wọ́n kọ́ mọ́ra wọn, tí kánsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, kì í jẹ́ kí onílé tún ṣe bó ṣe wù ú. Àǹtí Bùnmi ló ni ín, nọ́ọ̀sì ni. Nígbà tó kọ́kọ́ pè mí, ó ní òun fẹ́ fi yàrá kan kún ẹ̀yìn ilé fún ìyá òun, nítorí ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, wọn ò lè máa gun àtẹ̀gùn mọ́.

Ìwé àṣẹ pẹ́ kó tó jáde. Kánsù ní fèrèsé gbọ́dọ̀ jẹ́ pákó, bíríkì àtijọ́ tí a bá sì tú, òun náà ni ká tún lò. Àǹtí yarí. Ó ní fèrèsé rọ́bà lòun fẹ́ ní tòun, kò ní í jẹrà. Ó lé lọ́dún kan tí wọ́n fi ń fa ọ̀rọ̀ yẹn. Lọ́jọ́ kan ṣá, ó fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ sí mi: kí n bẹ̀rẹ̀, kí n lo pákó. Mi ò béèrè ìyá. Inú mi dùn pé iṣẹ́ dé.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, lọ́jọ́ Wednesday, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Mo ti ha sìmẹ́ńtì kúrò lára bíríkì àtijọ́ títí ọwọ́ fi ń ro mí, mo wá jókòó sí kíṣìnì láti jẹ ìrẹsì tí ìyàwó mi dì fún mi.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹsẹ̀ kan, á dúró. Ẹsẹ̀ kan, á tún dúró.

Ìyá àgbà kan yọ, ìborùn wà lórí wọn, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di igi àtẹ̀gùn mú. Mo gbà pé ìyá Àǹtí ni.

“Ẹ káàsán mà,” mo ní. “Ẹ wá jẹun mà.”

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ọmọ Yorùbá wo ló máa jẹun lójú àgbà tí kò ní pè wọ́n? Ẹnu ló máa ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

“Á gba ibi ire,” ni wọ́n dáhùn, ohùn wọn lọ sílẹ̀ gan-an. Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀, wọ́n ń wo ògiri mi. “Ṣé yàrá mi ti fẹ́ parí?”

“Ó ku díẹ̀ mà. Ọ̀sẹ̀ méjì sí i.”

“Bá mi ṣe é kíá, ọmọ mi. Àtẹ̀gùn yìí ti sú mi.”

Mo ní màá ṣe é. Mo bu ìrẹsì sẹ́nu. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Eruku bíríkì bo gbogbo àtẹ̀gùn yẹn, kò sì sí ojú ẹsẹ̀ kan lórí rẹ̀.

Mo sọ fún ara mi pé wọ́n ti lọ sùn. Nígbà tí Àǹtí dé láti ibi iṣẹ́, mo rẹ́rìn-ín, mo ní: “Àǹtí, Màmá ní kí n ṣe kíá o. Àtẹ̀gùn ti sú wọn.”

Báàgì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Bọ̀dá,” ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, “Màmá ti kú. Last year. Orí àtẹ̀gùn yẹn ni wọ́n ti ṣubú. Ìgbà tí èmi ń jà lórí ordinary window.”

Mo bi í pé kí ló dé tó fi wá ń kọ́ yàrá náà. Ó ní òun ti ṣèlérí fún wọn. Ó bú sẹ́kún, èmi náà sunkún, mi ò tijú.

Ó di ọwọ́ mi mú. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi. Ṣé ẹsẹ̀ yẹn ṣì ń dùn wọ́n?”

Mo rántí ọwọ́ méjèèjì lórí igi àtẹ̀gùn.

“Rárá o,” mo ní. “Wọ́n ń rìn dáadáa.”

Mo parí yàrá náà, fèrèsé pákó àti gbogbo ẹ̀. Àǹtí tẹ́ bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó pè mí lóṣù tó kọjá. Ó ní òun ṣì ń gbọ́ ẹsẹ̀ lọ́sàn-án, ọ̀kan, ọ̀kan, títí dé àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀, á wá dákẹ́. Bẹ́ẹ̀dì yẹn ṣì wà bó ṣe tẹ́ ẹ. Ó tún bi mí bóyá ó dá mi lójú pé wọ́n ń rìn dáadáa. Mo ní ó dá mi lójú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nílé onílé, ẹ béèrè ẹni tó ń gbé ibẹ̀ kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni wá jẹun. Ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì ń gun àtẹ̀gùn, tí kánsù bá ní kí ẹ lo fèrèsé pákó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lò ó.