Àwọn Yàrá Tí Mo Fi Orúkọ Bàbá Mi Kọ

Ní ìgbà Sáàpù, ètò ọrọ̀-ajé tó sọ ohun gbogbo di ọ̀wọ́n, nígbà tí ìjọba ológun ń bẹ̀ wá lórí rédíò pé kí a ní sùúrù, tí mílíìkì di ohun tí à ń fi pamọ́ de àlejò, tíṣà ni mo jẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òrè. Èmi náà ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé àti ayálégbé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń bi mí bí a ṣe bá káńsù jà nígbà náà, tí ẹ sì ń pè mí ní akọni obìnrin, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́.

Ohun tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni pé ilé kún. Àwọn ilé-iṣẹ́ ní Èkó ń dá òṣìṣẹ́ dúró, àwọn ọmọ tó ti lọ wá iṣẹ́ sì ń bọ́ sílẹ̀ ní gáréèjì Òrè pẹ̀lú aya, ọmọ àti bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó ní àgbàlá yọ yàrá kan sẹ́yìn ilé, ẹni tí apá rẹ̀ ká a yọ méjì. Kò sí ẹni tó lọ sọ fún káńsù. Ta ló ń gba àṣẹ kó tó fún ọmọ rẹ̀ ní ibi tí yóò fẹ̀yìn lélẹ̀?

Àfi bí ọ̀gá sójà tí wọ́n fi ṣe alákòóso káńsù wa ní Odigbo ṣe kéde pé yàrá àfikún yòówù tí kò bá sí nínú ìwé owó-orí ilé, kí ẹni tó kọ́ ọ wá forúkọ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tí kò bá wá, wọn yóò fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri rẹ̀, katakata tó ń wólé yóò sì tẹ̀lé e.

Ẹgbẹ́ pàdé ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé wa. Mo gun orí bẹ́ǹṣì, mo ní kí ẹnikẹ́ni má lọ. Mo ní bí gbogbo wa bá jókòó sílé, ògiri ta ni wọn yóò kọ́kọ́ wó? Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi dáadáa. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, a rí ìdáhùn: ògiri opó kan tó ń ta gààrí lẹ́bàá gáréèjì ni. Wọ́n wó o lọ́sàn-án gangan, ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ sì wà lórí iná. Ojú tì mí débi pé mi ò lè lọ kí i títí ọjọ́ kẹta.

A wọ́de lọ sí káńsù, àwọn obìnrin ló ṣíwájú, a ò sọ òkò, a ò pariwo. Ọ̀gá sójà náà jáde sí wa pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Ó bi mí léèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bíi pé ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni mí.

Ó ní, "Madam, àwọn yàrá náà wà àbí wọn ò sí?"

Mo ní wọ́n wà.

"Bí wọ́n bá wà, ẹ kọ wọ́n. Bí wọn ò bá sí, kí ni mo máa wó tó ń dùn yín?"

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ọjọ́ kún un fún wa. Ohun tí a rí gbà lọ́jọ́ náà kò ju àfikún ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ẹgbẹ́ wá yí ohùn padà: kí gbogbo ènìyàn lọ kọ orúkọ, kí èmi máa bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ fọ́ọ̀mù lábẹ́ igi máńgòrò ilé-ìwé.

Ibi fọ́ọ̀mù yẹn ni ọ̀ràn wà. Àyè kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀ fún orúkọ onílé, ẹni tó bá sì kọ orúkọ síbẹ̀ ni ìjọba kà sí ẹni tó ni ilẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ilé lọ́tọ̀, ilẹ̀ lọ́tọ̀. Àlejò tí a bá fún ní ilẹ̀ ìkọ́lé yóò gbé ọtí àti obì wá, onílẹ̀ yóò sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ibi ìpìlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ lé e, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ lé ọmọ rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ fi yàrá kún un, yóò tún gbé obì padà wá. Ohun kan ṣoṣo ni èèwọ̀: kò gbọdọ̀ fi orúkọ ara rẹ̀ sórí ilẹ̀ náà. Ọjọ́ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti sọ pé òun gba ilẹ̀ mọ́ onílẹ̀ lọ́wọ́ nìyẹn, àdéhùn ti bàjẹ́.

Bàbá Ràfíù, tí Ràfíù jẹ́ orúkọ òun fúnra rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àlejò bẹ́ẹ̀. Ará Ẹdẹ ni, òun ló ti ń tọ́jú oko kòkó bàbá mi ní Omifunfun kí wọ́n tó bí mi. Ilé rẹ̀ ní Òrè, orí ilẹ̀ bàbá mi ló wà. Nígbà tí Sìfáwù ọmọ rẹ̀ àti ọkọ rẹ̀ ti Èkó dé, ó fi búlọ́ọ̀kù yọ yàrá méjì sẹ́yìn. Ìṣojú mi ni bàbá mi ti fi ẹsẹ̀ tẹ ìpìlẹ̀ rẹ̀, bàtà rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín.

Ó wá bá mi lábẹ́ máńgòrò, ó dúró títí gbogbo ènìyàn fi lọ.

"Tíṣà, bí mo bá kọ orúkọ mi, mo ti gba ilẹ̀ mọ́ bàbá yín lọ́wọ́. Bí mi ò bá kọ ọ́, katakata ń bọ̀. Èwo ni kí n ṣe?"

Mo ronú, mo sì rò pé mo gbọ́n. Mo ní orúkọ bàbá mi ni a óò kọ. Katakata ò ní wá, àdéhùn ò sì ní bàjẹ́. Mo ní n óò kọ ìwé kékeré kan lọ́tọ̀, tí bàbá mi yóò tẹ̀ka sí, pé Ràfíù ló kọ́ ilé, òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ ló ni ín.

Mo mú ìwé kékeré náà lọ bá bàbá mi lójú Bàbá Ràfíù. Bàbá mi kò gbà á lọ́wọ́ mi. Ó fi èdè Ìkálẹ̀ wa bi mí pé kí ni mò ń wá. Ó ní òun ti fi ẹsẹ̀ òun tẹ ìpìlẹ̀ yẹn, ṣé Ràfíù ti wá ń fura sí òun ni? Kí n tó la ẹnu, Bàbá Ràfíù ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Tíṣà ló ní kí á kọ ọ́. Ẹsẹ̀ yín tó mi."

Mo ká ìwé náà, mo fi sínú báàgì. Èmi tí mo dojú kọ sójà, mi ò lè tún un sọ níwájú bàbá mi lẹ́ẹ̀kejì. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ti Bàbá Ràfíù àti ti àwọn àlejò yòókù, láti Òrè títí dé Àgọ́ Aláyè, orúkọ onílẹ̀ lórí ilé ẹni tó kọ́ ọ. Káńsù ò wó ògiri kankan mọ́. Wọ́n gbé ọ̀gá sójà náà lọ sí ibòmíràn, ẹgbẹ́ sì gbé mi lé èjìká yí gáréèjì ká. Ẹ̀yin náà ti rí fọ́tò rẹ̀.

Lẹ́yìn tí bàbá mi kú, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣí àpótí rẹ̀, ó sì bá ẹ̀dà fọ́ọ̀mù káńsù náà níbẹ̀. Ó pe ìpàdé ẹbí, ó ní ilé bàbá wa ni, kí Ràfíù kó jáde. Mo dìde, mo sọ òtítọ́ bó ṣe rí. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá na ìwé náà sí mi, ó ní kí n ka ohun tí mo fọwọ́ ara mi kọ. Mo kà á. Bàbá Ràfíù, tí kò mọ ìwé, ń wo ẹnu mi.

Ó ní, "Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn, Tíṣà?"

Mo ní, "Òun ni, bàbá."

Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó lọ gba yàrá kan ní Àgọ́ Aláyè, ibẹ̀ ló sì kú sí. Wọ́n ní kí n gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ sí kóòtù, mi ò lọ. Ẹ̀rù ẹbí bà mí, ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Àwọn kan sọ pé ó ti pẹ́, kí n gbàgbé. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé, Sìfáwù sì wà ní ìtòsí tó ń dín dòdò lẹ́bàá títì, tó ń kúnlẹ̀ kí mi ní gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá. Ì bá sàn kó bú mi.

Ohun tí a jèrè wà: ọ̀pọ̀ ògiri ṣì dúró ní Òrè lónìí nítorí ìwọ́de yẹn. Ohun tí a pàdánù, ẹ ti gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi ti kú báyìí, ilé náà sì kan èmi àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì. Ní oṣù tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ káńsù tún ń pín fọ́ọ̀mù kiri. Mo mú un lọ bá Sìfáwù ní ìdí iná rẹ̀, mo yọ bírò, mo ní kó pe orúkọ bàbá rẹ̀ ní kíkún kí n kọ ọ́.

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró. Ó ní, "Ẹ fún mi ní bírò yẹn, mà. Èmi fúnra mi ni màá kọ ọ́."

Ó kọ ọ́. Mo gbé e lọ fún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kí wọ́n fọwọ́ sí i, torí gbogbo ẹni tí ilé kàn ló gbọdọ̀ fọwọ́ sí i. Èyí àgbà bi mí pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Àǹtí Tíṣà, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ ọ́ nígbà náà pé ti bàbá àgbà ni?"

Inú Bíbélì mi ni fọ́ọ̀mù náà wà títí di òní. Orúkọ Bàbá Ràfíù wà lókè, ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ló kọ ọ́. Àyè ìfọwọ́sí mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀, ìfọwọ́sí tèmi nìkan ló wà níbẹ̀.