Ìbòrí Onírun Ajá

Òórùn ajá onírun gígùn tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa jọ òórùn aṣọ òfì tí a ká pamọ́ láì gbẹ. Òun ni ó máa ń pàdé mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Mísì, òyìnbó obìnrin tí ó ń darí ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà kékeré ní Ìwó, ní ọdún mélòó kan kí òmìnira tó dé. Kọ́ọ̀gì ni orúkọ irú ajá tí Mísì ní: ẹsẹ̀ kúkurú, etí ṣánṣán, ikùn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀. Mísì sọ pé irun àwọn ẹgbẹ́ ajá náà kì í gùn; tirẹ̀ ni ó ṣèèṣì gùn. Ọ̀rẹ́ mi, bí o bá rí i láti ẹ̀yìn, wàá ní bàbá àgbàlagbà kan ni ó wọ kẹ̀ǹbẹ̀.

Èmi ni mo máa ń bá Mísì ya irun ajá náà bí ilé ẹ̀kọ́ bá parí, nítorí oríkèé ọwọ́ Mísì ń ro wọ́n. Ooyà irin ni ó máa ń ṣíwájú, búrọ́ọ̀ṣì á tẹ̀ lé e. Bí o bá gbójú fo ẹ̀yìn etí àti itan rẹ̀, irun ibẹ̀ á ta kókó, èèmọ́ á so mọ́ ọn, eégbọn á sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Mo dábàá pé ká kúkú fá a nítorí ooru. Mísì mi orí. Wọ́n ní irun òkè ni ó ń dáàbò bo awọ rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn, pé ti abẹ́ yóò re fúnra rẹ̀. Ó sì re lóòótọ́. Nígbà tí àsìkò rẹ̀ dé, ṣe ni ó ń jáde ní ìdì ìdì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun, ó rọ̀ ju òwú lọ. Bí mo bá yà á tán, bí ẹni pé ajá kejì sùn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo di díẹ̀ sínú àpò lọ sílé láti fi dẹ́rìn-ín pa ìyá bàbá mi. Wọ́n ń rànwú. Ojú wọn ti ń ṣú, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ríran. Wọ́n ti ìka bọ àpò náà.

“Orogún mi, kí ni èyí tó rọ̀ báyìí?” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń pè mí, wọ́n ní àwa méjèèjì la jọ fẹ́ bàbá àgbà.

“Irun àgùntàn ìlú òyìnbó ni, Ìyá àgbà.”

“Àgùntàn wọn ń jẹun ju ọkọ wa lọ nìyẹn.”

Mo fẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán kí n tó sọ òótọ́. O mọ ilé wa: Mùsùlùmí paraku ni wá, kò sẹ́ni tó ń sin ajá ní agboolé, bí ajá bá sì fara kan ìró Ìyá àgbà lásán, wọ́n á fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó kírun. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ẹfun pa ìka, wọ́n ti po irun náà mọ́ òwú, ìrànwú ti ń yí, inú wọn sì ń dùn bí n kò ti rí i láti ìgbà tí ojú ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Mo ní ó di ọ̀la. Nígbà tí ó di ọ̀la, wọ́n ní kí n mú sí i wá. Mo mú un wá.

Òwú yẹn ni wọ́n kó fún ahunṣọ pé kó fi hun ìbòrí fún àwọn. Àwẹ̀ ti ń lọ sópin nígbà tí ó gbé e dé, òun ni Ìyá àgbà sì ń fi bo orí kírun àṣámù lálaalẹ́. Bí wọ́n bá ti fi iwájú orí kanlẹ̀, mo máa ń gbé ojú sá. N kì í jẹ oúnjẹ sààrì tán mọ́. Wọ́n rò pé àwẹ̀ ló ń gbẹ mí, wọ́n sì ń bu ẹran tiwọn sínú àwo mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìtúnu, wọ́n na ìbòrí náà sí mi pé kí n bá àwọn wé e, ká máa lọ sí yídì. Mo kúnlẹ̀.

“Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́. Irun ajá Mísì ni, kì í ṣe ti àgùntàn.”

Wọn ò pariwo. “O mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀?”

“Mo mọ̀, mà.”

“Gbogbo ìrun mi,” ni wọ́n wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Wọ́n di èjìká mi mú, ó di ọ̀dọ̀ ààfáà agboolé wa. Mo tún un rò lórí ìkúnlẹ̀. Ààfáà fọwọ́ pa ìbòrí náà, wọ́n sì ní, “Nínú ìwé tí àwa ń tẹ̀ lé, irun ajá tó wà láàyè kì í ṣe ẹ̀gbin. Ìrun yín pé, Ìyá. Ẹ wé e, kí yídì má kọjá yín.” Wọ́n wá yíjú sí mi. “Ìwọ ni mo ń wò. Ajá yẹn ò purọ́ fún ẹnikẹ́ni.”

Wọ́n wé e, a lọ, a kírun, a jẹun ọdún. Mo rò pé ó tán síbẹ̀.

Nígbà tí mo di tíṣà gidi, mo ra gèlè fún wọn. Mo ní, “Pupa ni, Ìyá àgbà.” Wọ́n fi ẹnu kò ó, wọ́n ṣàdúrà gígùn fún mi. Mo ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo gbọ́ tí wọ́n pe ìyàwó àbúrò bàbá mi.

“Ìyàwó, wá bá mi wò ó. Ó ní pupa ni.”

Pupa ni lóòótọ́. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ṣú, ẹnu àwọn èèyàn rẹ̀ ló fi ń ríran, mo sì ti fi ẹ̀fẹ̀ ba ìríran tí ó kù fún wọn jẹ́. Wọn ò bínú sí mi, wọn ò sì mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ṣùgbọ́n títí wọ́n fi kú, wọ́n ń wá ẹlẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ mi.